Ìjálá wákàtí 6 nínú kọ̀ǹpútà: báwo ni mo ṣe lè kà á, báwo ni mo sì ṣe lè fi ya ọnà sára aṣọ?

Àjíkẹ́ Ìrẹ̀mọ

Mo kí gbogbo ilé o, mo kí àgbà, mo kí ọmọdé. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ń gbé, ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni mo sì ń kọ́ lọ́wọ́. Láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni mo ti ń bá àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ, lọ sí ibi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń sun ìjálá, mo sì ti fi fóònù gba ohùn apohùn méjì sílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ tó wákàtí 6. Mo gbé e fún àwọn atẹ̀wé kan, wọ́n sì bá mi tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé 140, àmọ́ wọn kò fi àmì ohùn kankan sí i, wọn kò sì fi àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà tó yẹ kó ní in. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó ṣí i wò.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ mọ àwọn gbólóhùn tí apohùn kọ̀ọ̀kan máa ń tún wí léraléra. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà lè ti inú ọ̀rọ̀ nìkan dá èkíní mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Mo sì fẹ́ fi ìjálá náà ya ọnà tí a lè tẹ̀ sára àdìrẹ, nítorí pé a óò ṣe àfihàn iṣẹ́ wa kí sáà yìí tó parí. Mo ti fi ètò kékeré kan tí mo kọ ka àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé "ogun" wà lára ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ, ó sì pọ̀ lẹ́nu apohùn kejì ju ti èkíní lọ fíìfíì. Mo ti ń múra láti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé apohùn kejì ló ń pe Ògún jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n má baà fi ara mi ṣẹ̀sín.

Bàbá Atẹ̀wé

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó kọ ọ́. Ta ló sọ fún ọ pé Ògún ni "ogun" tí o kà yẹn? Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí àmì lórí rẹ̀, Ògún wà níbẹ̀, ogun tí à ń jà wà níbẹ̀, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ wà níbẹ̀, odò Ògùn náà wà níbẹ̀, bí atẹ̀wé rẹ bá sì jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kọ fáwẹ̀lì méjì tẹ̀ léra, oògùn lè ti bá wọn wọlé. "Oko" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé níbi tí kò ti sí àmì lábẹ́ lẹ́tà, oko, òkò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti di ẹyọ kan ṣoṣo, ọ̀kan sì tún kù tí n kò ní tẹ̀ síbí nítorí àwọn ọmọdé. Rántí pé ọdẹ ló ń sọ̀rọ̀: ó ń lọ sí oko, ó ń sọ ọ̀kọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń pè é ní ọkọ.

Mo fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì mọ ọ̀nà àbùjá kankan sí èyí. Àwọn ètò kan wà tí ń bá ènìyàn méfò àmì ohùn, wọ́n sì wúlò fún lẹ́tà àti ìròyìn, ṣùgbọ́n Bíbélì àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn, wọn kò mọ orúkọ ẹranko àti ewé tí ọdẹ ń pè. Ohun tí mo máa ṣe bí ó bá jẹ́ èmi ni pé n óò fi ojú ìwé 20 bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá láti ẹnu apohùn kọ̀ọ̀kan, n óò fi gbohùngbohùn sétí, n óò sì fi àmì sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Má ṣe àtúnṣe sórí fáìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún ọ. Dà á kọ, kí o fi ti àkọ́kọ́ pamọ́. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí o sì kọ ìṣẹ́jú tó ti wá nínú ohùn tí o gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí iyè méjì yóò mú ọ, tí o óò sì ní láti padà lọ gbọ́ ọ.

Ẹlẹ́rọ Mọ́dákẹ́kẹ́

Bàbá ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí Àjíkẹ́ má rò pé bí òun bá ti fi àmì sí i tán, ìṣòro ti tán. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo kó oríkì agbolé wa jọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ètò tó pín nọ́ńbà náà ni à ń pè ní Unicode. Lẹ́tà é ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E9. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ru àmì lórí tó sì tún gbé e sábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kí a so ó pọ̀ ni. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kí ó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó fi àmì sábẹ́ rẹ̀, ẹnìkẹta lè tẹ e lásán kí ó kó àmì méjèèjì lé e lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Bí o bá tẹ apá kan lórí fóònù, tí o sì tẹ apá kejì lórí kọ̀ǹpútà, o ti ní ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà méjì láìmọ̀. Ìwòsàn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní NFC: nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, unicodedata.normalize ni yóò bá ọ sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ìlà kan péré ni, kí o sì ṣe é kí o tó ka ohunkóhun. Kìkì ohun tí kò lè wò ni ti àwọn tó ń fi ìlà gígùn sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótun, nítorí pé nọ́ńbà mìíràn pátápátá ni ìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdẹkùn kejì ló jẹ mí níyà jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi \w+, àmì tó ń wá àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ léra, gé ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú Python, bẹ́ẹ̀ ni \w kò ka àmì tó dá dúró mọ́ lẹ́tà. Bí o bá gbé "ẹ̀kọ́" fún un, "ẹ" àti "kọ" ni yóò dá padà fún ọ. "Ilé" kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí èsì náà fi máa ń dà bí ẹni pé ó pé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yọ̀ pé "ẹ" ló pọ̀ jù nínú oríkì wa, mo sì ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀wọ̀ ló fà á. Nítorí náà, fi àyè tó wà láàrin ọ̀rọ̀ gé e, kí o yọ àmì ìdánudúró kúrò lẹ́yìn náà. Bí o kò bá fẹ́ kọ kóòdù, AntConc, ètò kan tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dára fún wíwá gbólóhùn, àmọ́ o ní láti wọ ibi ètò rẹ̀ kí o sọ fún un pé àmì wà lára lẹ́tà.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Mo fẹ́ dá sí ìbéèrè kejì, nítorí òun ló jinlẹ̀ jù. Fífi ẹ̀rọ ka ìwé kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1949 ni àlùfáà ará Ítálì kan, Roberto Busa, lọ bá iléeṣẹ́ IBM pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti to gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kírísítì ayé àtijọ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣẹ́ náà gbà, mímúra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú làálàá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dé bá Àjíkẹ́ yìí. Ní 1964, Mosteller àti Wallace, onímọ̀ ìṣirò méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí àròkọ òṣèlú 12 tí a kò mọ̀ bóyá Hamilton ló kọ ọ́ tàbí Madison, àwọn olóṣèlú àtijọ́ méjì níbẹ̀. Wọn kò wo ọ̀rọ̀ ńláńlá rárá. Àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí òǹkọ̀wé kì í ronú sí ni wọ́n kà, àwọn tó ń jáde lẹ́nu ènìyàn bí èémí, ìyẹn ló sì tọ́ka sí Madison.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa. Àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ ti Yorùbá ni ti, tí, tì. Ni àti ní. Bá àti ba. Sì àti sí. Kò àti kó. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá tẹ̀wé láìbìkítà ṣì lè mọ òǹkọ̀wé. Ní tiwa, ẹni tó bá yọ àmì ohùn kúrò ti yọ ohun tí ì bá fi dá apohùn mọ̀ kúrò, ó ku egungun ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan sílẹ̀. Èmi kò ní gba èsì ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi bí kò bá sí àmì nínú ọ̀rọ̀ tó kà.

Ohun kan tún wà. Bí apohùn kìíní bá lo wákàtí rẹ̀ lórí oríkì ẹranko, tí èkejì sì lo tirẹ̀ lórí ìtàn ogun, kọ̀ǹpútà yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá, ìwọ yóò sì rò pé ènìyàn méjì ló rí, nígbà tó jẹ́ pé kókó ọ̀rọ̀ méjì ló rí. Kọ́kọ́ pín ìjálá náà sí ìpín: ìbà, oríkì Ògún, oríkì ẹranko, oríkì ènìyàn, ìtàn, àwàdà, orin ìgbẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn wá bí a ṣe ń ṣe irú èyí nígbà tó pín ẹsẹ Ifá sí ìpín mẹ́jọ, láti orí orúkọ awo títí dé orí ẹ̀kọ́ tó gbẹ̀yìn. Fi ìpín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o wá fi ìbà wé ìbà, kí o fi ẹfọ̀n wé ẹfọ̀n.

Bí o bá sì fẹ́ fi ìwé àtijọ́ kún un, mọ̀ pé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. "Aiye" ni wọ́n ń kọ fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "nwọn" fún wọ́n. Ìwọ yóò ní láti ṣe àtẹ kan tí yóò máa yí wọn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ orí ìwé ni kọ̀ǹpútà yóò máa kà fún ọ.

Ọmọ Ọdẹ Ìlódè

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ìjálá kì í ṣe owó ẹyọ tí ènìyàn ń kà. Bàbá mi kì í wí gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì bákan náà. Ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò. Ṣé àwọn ọdẹ náà tilẹ̀ mọ̀ pé o ti kó ohùn wọn wọ kọ̀ǹpútà?

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Ìbéèrè gidi nìyí, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àjíkẹ́, padà lọ bá wọn kí o tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó gbà kí o gba ohùn òun sórí fóònù lè má gbà kí o gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ohun tó bá ti débẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ fi kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ọdẹ kankan. Bí ọfọ̀ bá wà láàrin rẹ̀, wọ́n lè ní kí o yọ ọ́. Ní ti pé bàbá kì í wí nǹkan lẹ́ẹ̀mejì bákan náà, ìyẹn gan-an ni a fẹ́ kí kíkà fi hàn: ibi tó ti yí i padà, àti ohun tí kì í yí padà láéláé.

Àyánkúnlé

Ẹ jẹ́ kí èmi onílù náà wí tèmi lórí ọnà tó fẹ́ yà, nítorí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà bí ẹni pé inú ìwé ni ìjálá ń gbé.

Bí mo bá fẹ́ gbé ewì sórí ìlù, n óò kọ́kọ́ bọ́ ọ̀rọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ó ku dò, re, mí. Kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí láàrin ìṣẹ́jú kan: kí ó wo fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ dò síbi tí àmì ìsàlẹ̀ bá wà, mí síbi tí àmì òkè bá wà, re síbi tí kò bá sí àmì. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi lórí ìlà kan tí mo hun fúnra mi, "Òjò pa igi, igi kò wó." Èsì tó jáde ni dò dò re re re, re re dò mí. Márùn-ún ní apá òsì, mẹ́rin ní apá ọ̀tún. Mo ní irọ́ ni. Ẹnu Yorùbá kì í sọ "pa igi," "pagi" ló ń sọ. Ìparójẹ ti gbé fáwẹ̀lì kan lọ. "Òjò pagi, igi ò wó" ni ìlù yóò sọ, mẹ́rin sí mẹ́rin, ó gún régé. Bí a bá ti fi ìwé ka ìlù ewì, yóò máa wọ́, a ó sì fi àṣìṣe sọ pé apohùn kò mọ ìwọ̀n. Nítorí náà, bí Àjíkẹ́ bá ń fi àmì sí i, kí ó kọ ohun tó gbọ́, kí ó má kọ ohun tí ilé-ìwé kọ́ ọ. Bó bá nílò àkọtọ́ fún ìwé rẹ̀, kí ó ní ìlà méjì, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún etí.

Kí ẹ sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé ń inú "ó ń bọ̀" jẹ́ ìró tó dá dúró, a máa ń lu ú. Àmọ́ n inú "kan" kì í ṣe bẹ́ẹ̀, imú lásán ni.

Dèjì Oníkóòdù

Tí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ hun ewì, mo ti dán an wò lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ti àtijọ́: ní 1952, Christopher Strachey ní Manchester kọ ètò kan tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́, ó ṣe gbólóhùn tó ní àlàfo, ẹ̀rọ sì ń mú ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ sínú àlàfo náà bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Mo ṣe irú rẹ̀ ní Yorùbá, etí kò sì gbà á títí mo fi gba ìmọ̀ràn onílù kan, tí mo wá to ọ̀rọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ohùn wọn. Níbi tí òjò bá wà, òkè, ọ̀nà tàbí ìjà nìkan ló lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé dò dò ni gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, bí ìtumọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ṣàjèjì, etí gbà á.

Ọ̀nà kejì ni ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn bá mi kọ oríkì Ifẹ̀, ó sì gbé ìjàkadì lé wa lórí, bí ẹni pé a kò mọ ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ orò. Ará Ọ̀fà tó jókòó tì mí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi. Èmi yóò lò ó láti bá mi tún kóòdù ṣe, kò ní bá mi ki ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò tún sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, èyí tó fún wa ní Odù 256, ìṣirò náà sì dọ́gba pẹ̀lú ti inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Odù ni a kà yẹn o, a kò tíì ka ẹsẹ.

Ìyá Aláró

Àjíkẹ́, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mú dò, re, mí tí onílù sọ yẹn, kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọnà tirẹ̀: dò lè jẹ́ àpótí tó kún, re kí ó jẹ́ ìlà, mí kí ó jẹ́ ojúlé kékeré tó ṣí sílẹ̀. Ìlà ìjálá kan, ẹsẹ̀ ọnà kan. Ọmọ ọmọ mi ń fi p5.js, ètò kan tí a fi ń kọ kóòdù yàwòrán, ya irú rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù pàápàá. Níbi tí apohùn bá ti tún gbólóhùn wí, ọnà yóò tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn ènìyàn yóò sì fi ojú rí àwítúnwí láìjẹ́ pé ẹ ṣe àlàyé. Kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Ẹ lọ wo bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe to àpáàdì sílẹ̀ ní ìlà ìlà.

Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kọ́ ni ojú aṣọ. Ìlà tó bá tín-ín-rín jù, ẹ̀kọ yóò ṣàn papọ̀ lórí rẹ̀, aró kò sì ní mọ ibi tí yóò wọ̀. Iyẹ́ adìẹ ni a fi ń ya ti ọwọ́, ìyẹn yóò sì gba ọ ní ọjọ́ púpọ̀ fún ìlà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lo páànù tí a gé bí wọ́n ti ń ṣe ní Abẹ́òkúta, kí o gé ọnà mẹ́ta péré, kí o máa gbé wọn tẹ̀ léra bí ìwé rẹ ṣe tò wọ́n. Má sì jẹ́ kí ó gún jù. Àpótí tó bá dọ́gba látòkè délẹ̀, aṣọ ilé-iṣẹ́ ni wọn yóò pè é.

Àjíkẹ́ Ìrẹ̀mọ

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ojú ìwé 20. Bàbá Atẹ̀wé, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sín gidi: nínú "ogun" apohùn kejì, ogun jíjà ló pọ̀ jù, odò Ògùn tẹ̀ lé e, apohùn kìíní ló sì ń pe Ògún jù ú lọ. Òdìkejì gan-an ni mo fẹ́ kọ. Ti \w+ náà wà nínú kóòdù mi, mo ti yọ ọ́.

Mo ka èsì náà fún àbúrò bàbá mi lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbà kí n máa bá a lọ, àyàfi ohùn tí mo gbà nígbà kẹta, èyí tí wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fi sínú ẹ̀rọ kankan. N kò béèrè ìdí. Mo ti pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà àti nínú fóònù, ojú ìwé 7 ló sì bá a lọ, ó wá ku 113 tí n óò fi àmì sí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ìlà méjì tí Àyánkúnlé wí.

Ìyá, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n ra páànù dání?

Ìyá Aláró

Ọ̀bẹ ni kí o mú wá. Páànù wà nílẹ̀.